Ọ̀rọ̀ Líle inú Ìwé Fágúnwà: Ṣé Kí a Há a Sórí ni, tàbí Kí a Gbọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń sọ ní kọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, a sì rò pé àkókò tó wàyí tí ó yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn wa, kí olúkúlùkù lè gbé e yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìwé pélébé kan tí ó ń ti ọwọ́ kíláàsì kan bọ́ sí ọwọ́ kíláàsì mìíràn, tí gbogbo wa mọ̀, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa sì ti fi ọwọ́ ara wa dà kọ. "Ọ̀rọ̀ Líle" ni orúkọ tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá jẹ́ àlejò láàárín wa lè má mọ bí ìwé náà ti rí. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni. A fa ilà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan; ní apá òsì ni a kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a yọ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Olóògbé D. O. Fágúnwà sí, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi kún un láti inú àwọn ìwé rẹ̀ yòókù àti láti inú Bíbélì. Ní apá ọ̀tún ni a kọ ìtumọ̀ sí, ìtumọ̀ ọ̀hún kì í sì í ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa dà á kọ lára ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, àwa náà dà á kọ lára tiwọn, bí àṣìṣe kan bá sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún kan, àṣìṣe náà a di àgbà láàárín wa, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó máa gbọ́ ohùn wa ní ilé ìbùsùn lẹ́yìn àdúrà alẹ́, bí ìgbà tí àwọn ọmọ kékeré bá ń ké ìṣirò: ẹnì kan a pe ọ̀rọ̀, àwọn yòókù a ké ìtumọ̀ rẹ̀. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Àwa náà wà lára àwọn tí ń ké, a sì fi igbe náà yege.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ní sáà tí ó kọjá ni ó mú wa gbé kálàmù. Ẹ rántí pé a pín wa sí àwọn ilé-ìwé kéékèèké tí ó wà káàkiri agbègbè Ọ̀dẹ̀dá láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Àwọn kan lọ sí ìhà Òṣíẹ̀lẹ̀, àwọn kan lọ sí ìhà Àlàbàtà, àwọn mìíràn sì gba ọ̀nà Òpèjì lọ. Ẹni tí à ń wí yìí bọ́ sí abúlé kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí pé ìtìjú ọ̀hún kì í ṣe ti abúlé náà, tiwa ni. Ó ń sọ ìtàn Ẹfọ́ìyẹ tafàtafà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Nígbà tí ó dé orí àwọn ohun tí tafàtafà máa ń gbé lọ sí oko ọdẹ, ó rántí ìwé pélébé wa. Ó kọ "apo" sí ara pátákó láìfi àmì kankan sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé náà, ó sì wí fún àwọn ọmọ pé àpò ni, irú èyí tí a fi ń kó ẹrù. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, apó kì í ṣe àpò. Bàbá àgbà mi ní apó, wọ́n sì ní àpò pẹ̀lú."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti olùkọ́ wa ọ̀dọ́, ó ní kí ọmọ náà jókòó. Nígbà tí ó sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò ní ọ̀sán, ó fa ilà pupa sí orí ìdáhùn ọmọ náà, nítorí pé kò bá ti inú ìwé mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá àgbà ọmọ yìí wá sí ilé tí a fi olùkọ́ náà wọ̀ sí. Ọdẹ ni bàbá náà. Kò wá jà. Ó kí i dáradára gẹ́gẹ́ bí a ti í kí olùkọ́ ní ìgbèríko, ó jókòó, ó sì tú nǹkan kan jáde láti inú aṣọ.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yìí ní ẹ ń kọ́ àwọn ní ọ̀rọ̀ ọfà. Mo ní kí n mú èyí wá, kí ẹ lè fi hàn wọ́n. Apó bàbá mi nìyí."

"Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Ẹran wo ni a fi awọ rẹ̀ ṣe é?"

"Awọ ẹtu ni. Ọfà inú rẹ̀ ti tán tipẹ́, ìbọn ni gbogbo wa ń gbé báyìí. Ṣùgbọ́n apó náà ni ó ń jẹ́. Èyí tí mo gbé kọ́ èjìká yìí ni àpò."

Lẹ́yìn èyí ni bàbá náà béèrè pé kí ni ó tún wà nínú ìwé ọ̀hún, olùkọ́ wa sì kà á sí i létí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohun tí ó ya òun lẹ́nu jù lọ kì í ṣe apó. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá náà kò gbọ́ rí, nítorí pé ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni kò yọ ọ́ lẹ́nu. Á ní kí a tún gbólóhùn náà kà, á mi orí, á sì sọ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ni ó sì ń bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ wa bá ṣi ohùn pè, kódà bí ó ṣe ọ̀rọ̀ tí kò le rárá, bàbá náà a dá a dúró lójú ẹsẹ̀, a ní, "Kò dún bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì ó dúró níwájú àwọn ọmọ náà, ó gbé apó náà sókè, ó sì wí fún wọn pé òun ni òun ṣì í, ọmọ yẹn ni ó gbà á. Ó pa ilà pupa náà rẹ́ lójú gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró níwájú ogójì ọmọdé rí mọ̀ pé èyí kò rọrùn.

A bi ara wa léèrè pé báwo ni irú àṣìṣe yìí ṣe lè wà nínú ìwé wa tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i. Ọ̀rọ̀ apó kì í ṣe àjèjì ní ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó wà nínú Sáàmù 127, èyí tí a ń kà níbi ìkómọ àti níbi ìgbéyàwó. Ìgbà mélòó ni a ti gbọ́ tí ẹni tí ń ka ìwé mímọ́ pè é ní àpò, bí ẹni pé owó ni bàbá ọmọ náà kó sínú rẹ̀, tí gbogbo ìjọ sì ṣe àmín? Ẹni tí ó bá ti rí apó rí, tí ó mọ bí ọfà ti í tò sínú rẹ̀ ní ṣíṣù, tí ó sì mọ̀ pé ọwọ́ jagunjagun kì í jìnnà sí i, òun nìkan ni ó lè mọ ìdí rẹ̀ tí a fi fi àwọn ọmọ wé ọfà. Ẹni tí ó há "apo, àpò" sórí kò mọ nǹkan kan ju bí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ ti pàdánù ọ̀rọ̀ kan.

Àpẹẹrẹ mìíràn rèé. Ìwé Ọ̀rọ̀ Líle sọ pé "elégbèje" túmọ̀ sí "ọ̀pọ̀lọpọ̀." Inú orúkọ ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní 1954 ni a ti yọ ọ̀rọ̀ yìí, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje. Òótọ́ ni pé egbèje pọ̀, ṣùgbọ́n iye kan pàtó ni: igba lọ́nà méje, èyí tí í ṣe 1,400. Bí a bá mọ èyí, ilẹ̀kùn ẹgbẹ̀fà, 1,200, àti ẹgbẹ̀jọ, 1,600, àti ẹgbẹ̀sán, 1,800, ṣí sílẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì rí i pé ẹgbẹ̀rún pàápàá kò ju igba márùn-ún lọ. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa a máa ka ebè ní igba-igba, kò sì sí àgbàlagbà kan ní oko Ọ̀dẹ̀dá tí ẹ ó bi ní iye tí igba méje jẹ́ tí yóò sọ fún yín pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni. Àwa tí à ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ka owó, tí à ń fi ka ọjọ́ orí, tí à ń fi ka ojú ewé Bíbélì, àwa ni ọ̀rọ̀ náà le fún. Kò le ní ọjọ́ tí a kọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀ líle jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ fún ìyá wa àgbà, tí àwa sì fi sílẹ̀ títí ó fi gan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà wọ̀nyí ni ìwé Fágúnwà kún fún, aṣọ gidi sì ni wọ́n nígbà kan.

Kí ẹ má baà rò pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni iṣẹ́ yìí wúwo fún, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe ọmọ Abẹ́òkúta kan. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní ìlú yìí ní 1934, tí ó dàgbà ní Aké níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ni ó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Gbogbo ayé mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti dá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó. Òun ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ ní 1986. Síbẹ̀ nígbà tí ó dé orí irúnmalẹ̀, ẹbọra, iwin, egbére àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tó. Ó ní láti dá àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bíi ghommid, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nínú ìwé atúmọ̀ kankan rí. Iye ẹgbẹ̀rún ni ó sì fi sí orúkọ ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún kò sí nínú orúkọ tí Fágúnwà sọ ọ́. Bí àwọn àgbà bá sì ń pe àwọn irúnmalẹ̀, igba ọ̀tún àti igba òsì ni wọ́n sábà máa ń pè. A kò bá a wí. Ó yan ohun tí ó dùn létí àwọn tí ó ń kọ̀wé sí. Ohun tí a ń wí ni pé bí ẹni tí ó mọ èdè méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ kò bá rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi dípò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ta ni ó fún àwa ní àṣẹ láti fa ilà sí àárín ìwé, kí a kọ "ẹbọra" sí apá òsì, kí a kọ "ẹ̀mí èṣù" sí apá ọ̀tún, kí a sì kọjá lọ? Nínú ìwé pélébé wa, ẹbọra, iwin, egbére àti àǹjọ̀nú, ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Fágúnwà ń ṣe tí ó ń fi orúkọ wọn dá ara rẹ̀ lágara?

Ní ti Àkàrà-ogun, ọdẹ tí ó ni ìtàn náà, a fẹ́ kí ẹ dárí jì wá bí a bá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ẹni tí ń dín àkàrà fún àwọn ọmọ ogun ni. Ṣóyínká kò túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pè é jọ mọ́ àkópọ̀ oògùn àti ọfọ̀, èyí sì bá ìwà ọkùnrin náà mu láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà já kò lè ṣe àṣìṣe àkàrà yẹn láéláé. Ẹni tí ó ka ìwé pélébé nìkan ni ó lè ṣe é.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé ọkàn ọ̀rọ̀ wa nìyí. Olùkọ́ ni Fágúnwà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ni nígbà tí ìwé yìí jáde ní 1938 láti ilé ìtẹ̀wé C.M.S. (A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ní 1853, kí ó tó lọ sí Èkó, kí ó sì tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896. Ilé kan náà ni wá.) Ọwọ́ olùkọ́ sì hàn nínú bí ó ti kọ ọ́. Fágúnwà kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan kí ó dákẹ́. Á sọ ọ́, á tún un sọ ní ọ̀nà mìíràn, á fi wé nǹkan, á tò ó lé ara wọn bí ẹni to ẹrù igi. Nínú òkìtì bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣókùnkùn sí wa, èyí tí ó tẹ̀ lé e tàbí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ á máa tan iná sí i. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ìtumọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Àwa ni a fa ọ̀rọ̀ náà tu kúrò láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, tí a gbé e lọ sí ojú ewé tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí a sì wá ń ráhùn pé ó le.

Ẹ tún wo bí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni ó wá bá akọ̀wé, tí ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ sílẹ̀. Láti ẹnu ni ìwé náà ti wá, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti gbé e kalẹ̀, etí ni a sì kọ ọ́ fún. Nítorí náà ni a ṣe rò pé kí a tó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan, kí a kọ́kọ́ ka ojú ewé náà sókè, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ dára jù nínú wa kà á, kí ẹni tí ó bá gbọ́ àṣìpè sì dá a dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá ọdẹ yẹn ti ṣe. A ti dán èyí wò ní yàrá kan ní ilé ìbùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. A kò ní sọ pé a di ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí ìwé pélébé náà, a rí i pé bí ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò le mọ́, a kò sì lè sọ ọjọ́ tí a kọ́ wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó dùn mọ́ wa, bí ó tilẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Èdè wa fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ kọ́ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ oríkèé ibi tí wọ́n ti so pọ̀ lè tú wọn. Àdììtú, tí ó wà nínú orúkọ ìwé Fágúnwà ti 1961, ni ohun tí a dì tí a kò lè tú. Ògbójú ni ẹni tí ó gbójú. Oníbùdó inú Ìrèké Oníbùdó ni ẹni tí ó ni ibùdó, "dó" inú ibùdó yìí náà sì ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí a bá wí pé àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Àwọn akọni tí a rán lọ sí Òkè Láńgbòdó, ìwà wọn ni orúkọ wọn: Ìmọ̀dóye ni ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ di òye, Olóhùn-iyọ̀ ni ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn bí iyọ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí iyọ̀ yìí. Ẹlòmíràn a fi ohùn dídùn wé oyin. Àwọn baba wa fi wé iyọ̀, nítorí pé ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ kì í ṣe ọbẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọ tán, a kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí a jáwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín wa tú kùmọ̀ sí "kù" àti "mọ̀," ó ní ẹni tí ìmọ̀ kù fún ni à ń fi nà. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ìbá rẹ́rìn-ín gan-an bí ó bá gbọ́.

Nígbà tí gbogbo èyí bá kùnà, ìwé atúmọ̀ wà. Àjàyí Crowther, tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, tí ó sì tún rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti ya wọ́n, ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London ní 1843. Nígbà tí ó tún un ṣe ní 1852, ó fi òwe púpọ̀púpọ̀ sínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ á bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1958 ni Isaac Delano, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa yìí, gbé Atúmọ̀ Èdè Yorùbá jáde, tí ó fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá. Ní ọdún yẹn kan náà ni R. C. Abraham gbé ìwé ńlá tirẹ̀ tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé jáde. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ti Delano ni a rí ní ilé ìkàwé wa. Nígbà tí a ṣí i, eruku rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kí wa.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn, pàápàá nínú àwọn olùkọ́ wa, a kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọn yóò ní ìdánwò kì í dúró de ẹni tí ń lọ bá àgbà jókòó ní abúlé. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn sí i ju kí a há a sórí lọ. Òótọ́ ni. Orúkọ igi àti orúkọ ẹranko kò ṣeé tú, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì Fágúnwà kì í fi gbogbo ìgbà tan iná sí wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ ẹtu àti ìgalà, kò sí bí yóò ti ṣe ju kí ó béèrè, kí ó sì rántí lọ. A gbà pẹ̀lú pé ìwé pélébé náà ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìtìjú ní yàrá ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè pé irú ìdánwò wo ni èyí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti fi yege nínú rẹ̀? Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi "apó" ṣe gbólóhùn tí yóò hàn kedere pé kì í ṣe àpò, ìwé pélébé wa kò ní lè gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá ni a fi ń bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n yí ìbéèrè náà padà. A mọ̀ pé àwa náà ni yóò kọ́kọ́ kùnà.

Ohun kan sì wà tí ó ju ìdánwò lọ. Olùkọ́ ni a óò jẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sí i, àwa ni yóò máa di kálàmù pupa mú níwájú àwọn ọmọ tí ìyá wọn àti bàbá wọn àgbà mọ ohun tí àwa kò mọ̀. Ọmọ ọdẹ yẹn ní ìgboyà láti na ọwọ́ sókè. Mélòó ni wọn kò na tiwọn? Mélòó ni ó ti lọ sí ilé pẹ̀lú ilà pupa, tí ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ilé wọn kò dára, pé èyí tí Tíṣà kọ sí pátákó ni Yorùbá gidi? Bí ọmọ kan bá gba irú ìyẹn gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà mọ́. A kò rò pé ẹnì kankan nínú wa wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí láti lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

A kò wí pé kí a sun ìwé Ọ̀rọ̀ Líle níná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan láàárín wa dá a lábàá. Ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ni pé a ń tún un kọ. A ti pa ilà àárín rẹ̀ rẹ́. A ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. A ń kọ orúkọ ìwé àti ojú ewé tí a ti rí i. Bí ẹnì kan bá sì gbọ́ ọ ní abúlé, á kọ orúkọ abúlé náà sí i, pẹ̀lú ohun tí ẹni tí ó sọ ọ́ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ méjìdínlógún péré ni a tíì ṣe parí. Olúkúlùkù tí yóò tún lọ kọ́ni ní sáà tí ń bọ̀ ni a ń bẹ̀ kí ó mú márùn-ún wá, kí ẹni tí ó bá sì rí àṣìṣe nínú méjìdínlógún wa wá sí yàrá kẹta ní ilé ìbùsùn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. A kò ní bínú.

Apó ni ó wà ní ojú ewé kìn-ín-ní. Bàbá ọdẹ náà ti ránṣẹ́ sí wa láti ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ibi tí àwọn akọni ti fẹ́ gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó ni a ti dá ìwé náà dúró fún òun, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n dé ibẹ̀. Bí Ọ̀gá bá fún wa ní àyè, ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni a óò lọ.